Obì, Orógbó àti Atare: Èso Àdúrà Kì í Ṣe Oògùn Gbogbo Àrùn

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, nítorí pé ó rán mi létí ohun tí ojú mi ti rí nínú ilé tiwa. Obìnrin kan ní Ajégúnlẹ̀ ni ó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní:

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń wa tírélà ní wọ́ọ̀fù Apápá. Obì ni ó fi ń lé oorun lọ. Ó lè jẹ odindi mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó pa oògùn òyìnbó tì, kí ó máa jẹ orógbó láràárọ̀. Ó ní ohun tí àwọn baba wa fi ń súre kò lè pa wá lára. Ọkọ mi ti gbà, ó ti pa oògùn náà tì. Èmi fúnra mi lóyún oṣù márùn-ún, obì sì máa ń wù mí jẹ. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ?"

Ọmọ mi, o ṣeun tí o tètè béèrè. Ìdáhùn mi kò gùn: rárá, kì í ṣe òótọ́. Kí ọkọ rẹ padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, kí ó sì padà sídìí oògùn rẹ̀ bí wọ́n bá ti là á sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé "rárá" lásán kì í tẹ́ ọkùnrin lọ́rùn, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba wa. Nítorí náà, n ó ṣe àlàyé lẹ́sẹẹsẹ, kí òun fúnra rẹ̀ lè kà á, kí ẹ̀yin yòókù sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

ÈSO TÍ A FI Ń SÚRE

Ẹni tí ó bá mọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà tí kò sí níbẹ̀: Yorùbá, Íbò, Ìjọ̀, Haúsá, gbogbo wọn ni ó ń gbé lójú pópó kan náà. Bí èdè wọn ti yàtọ̀ tó, obì ń bẹ nínú àwo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn Haúsá ń pè é ní goro, wọ́n sì ń pín in níbi ìgbéyàwó. Àwọn Íbò kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àgbà láìgbàdúrà lórí obì. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, obì, orógbó àti atare kì í wọ́n nínú àwo, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, omi àti epo. Orúkọ èso kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ṣe àdúrà. A ó ní kí obì bi ikú dànù, kí ó bi àrùn dànù. A ó ní kí ọmọ gbó, kí ó tọ́, bí orógbó. A ó la atare, a ó sì fi ọ̀pọ̀ hóró inú rẹ̀ tọrọ ọmọ púpọ̀. Mo ti rí i nílé Kristẹni, mo ti rí i nílé Mùsùlùmí.

Nínú ìsìn àbáláyé, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obì àbàtà olójú mẹ́rin, akọ méjì àti abo méjì, ni a fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Bí awẹ́ rẹ̀ bá ti ṣí sókè tàbí tí ó dojú bolẹ̀ ni a fi ń mọ ìdáhùn. Gbànja tí ó jẹ́ awẹ́ méjì péré kò ṣe é dà bẹ́ẹ̀. Ti àlejò àti ti òwò ni. Ṣàngó ní tirẹ̀, orógbó ni à ń fi bọ ọ́. Ikin mẹ́rìndínlógún tí babaláwo fi ń dá Ifá, èso ọ̀pẹ ni òun náà. Ní ọdún 2005 ni UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Èso wọ̀nyí sì ti ń mówó wọlé ní Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó gbànja wá sí Èkó láti Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Gánà lónìí, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e lọ sí Kánò. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbẹ̀ wa ní Agége àti Abẹ́òkúta gbin tiwọn. Mo sọ gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ tàbùkù sí obì. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

ÀWỌN ARÁ ÍŃDÍÀ NÍ TIWỌN

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní èso mímọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣòwò láàárín wa ní Èkó, ní tiwọn. Yànmọ̀tí dúdú ni wọ́n ń lò nínú ètò ìrántí àwọn baba wọn tí ó ti kú. Yànmọ̀tí náà ni àwọn tírélà ń kó bọ̀ ní Apápá láti Òkè Ọya kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí òkèèrè. Wọ́n ń fi hóró èso rudraksha 108 ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, bí Mùsùlùmí ti ń lo tẹ̀súbáà. Wọ́n sì ní èso kan tí ìlò rẹ̀ jọ ti obì wa. Supari ni wọ́n ń pè é, òyìnbó ń pè é ní areca. Wọn a gbé e síwájú òrìṣà, wọn a fi ewé wé e fún àlejò jẹ, àwọn oníṣègùn Ayurveda, èyí tí í ṣe ìṣègùn àbáláyé wọn, a sì máa lò ó fún oúnjẹ tí kò dà nínú.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ẹ́ jáde pé èso areca yìí ń fa jẹjẹrẹ fún àwọn tí ń jẹ ẹ́ déédéé, pàápàá jẹjẹrẹ ẹnu. Igi rẹ̀ yàtọ̀ sí igi obì tiwa, ẹ má bẹ̀rù. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé a ti gbàdúrà lórí rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdúrà náà kò sì yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí èso ń ṣe nínú àwo àdúrà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ń ṣe nínú ikùn.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OBÌ?

Ohun tí ó ń lé oorun nínú obì ni káfíìnì. Òun kan náà ni ó wà nínú kọfí àti tíì. Nígbà tí apòògùn kan tí ń jẹ́ John Pemberton po Coca-Cola ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1886, obì wà lára ohun tí ó lò. Ibẹ̀ ni apá kejì orúkọ náà ti wá. Bí obì bá gbẹ, káfíìnì inú rẹ̀ a máa tó ìdá 1.5 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni pé obì gbígbẹ tí ó wọn gíráàmù 10 lè ní káfíìnì mílígíráàmù 150 sí 300. Obì tútù ní omi nínú, nítorí náà tirẹ̀ kéré sí i. Àjọ tí ń mójútó oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2015 pé mílígíráàmù 400 lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kí aláboyún má ṣe kọjá 200. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó jẹ odindi obì márùn-ún ní òru kan, tí ó tún mu tíì lówùúrọ̀, níbo ni ó kù tí kò tíì dé?

Báwo ni káfíìnì ti ń lé oorun? Láti ìgbà tí a bá ti jí, èròjà kan ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ wa, òun ni ó ń sọ fún wa pé ó tó àkókò láti sùn. Káfíìnì a lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí èròjà náà ń gbà wọlé, a kò sì ní gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èròjà náà kò lọ. Ó dúró síta, ó ń pọ̀ sí i. Bí agbára obì bá wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ a ya wọlé, oorun a sì gbé awakọ̀ lọ lórí afárá. Gbèsè ni oorun. Obì kò bá ẹnikẹ́ni san án rí; ó kàn ń sún ọjọ́ ìsanwó síwájú ni.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì tí a jẹ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jẹ obì nírọ̀lẹ́ fi ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn. Ó ń mú kí ọkàn sáré. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè fún wákàtí díẹ̀, pàápàá lára ẹni tí kò jẹ ẹ́ déédéé. Ó ń ta omi kíkan inú ikùn jí, nítorí náà ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú yóò mọ̀ ọ́n lára. Awakọ̀ tí ó bá sì ń lo oògùn ciprofloxacin, kí ó mọ̀ pé oògùn náà kì í jẹ́ kí káfíìnì tètè jáde lára. Obì kan lè ṣe iṣẹ́ obì méjì. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀fọ́rí ni wọ́n tún ti fi káfíìnì sí. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó lò ó lé obì lórí.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, wa tírélà ní Apápá fún ọdún mẹ́rìnlá. Kí àwọn aláṣẹ èbúté tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ní oṣù kejì ọdún 2021, tírélà a máa tò sójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹun. Bí ìlà bá sún, tí awakọ̀ kò sún, ẹlòmíràn a gba ipò rẹ̀. Obì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣọ́ ipò. Ta ni ó sì ń ra obì náà fún un? Èmi ni. Èmi nọ́ọ̀sì, mo máa ń yà ní ọjà Boundary bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, n ó ra gbànja funfun tí ó fẹ́ràn, n ó fi ewé wé e, n ó fi ránṣẹ́ sí i.

Ní ọdún 2018, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nínú pálọ̀ mi, ó jẹ́ 170 lórí 110. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bi í bóyá ó ń lò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni ó tó sọ òtítọ́ fún mi: oògùn náà ń mú kí ó máa tọ̀ lemọ́lemọ́, kò sì sí ibi tí àgbàlagbà lè tọ̀ sí nínú ìlà tírélà láìsí ìtìjú. Nítorí ìtọ̀, ó pa oògùn tì. Ojú tì í láti sọ fún dókítà, ojú tì í láti sọ fún èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ pè é, ó fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ kò já gaara. Ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ọta rẹ̀ ni ó ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tú irú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà kò padà bọ̀ sípò, kò sì wakọ̀ mọ́ títí di òní.

N kò ní sọ pé obì ni ó fa àrùn rọpárọsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ni. Ṣùgbọ́n obì ni kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ti rẹ òun, òun náà sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ga tẹ́lẹ̀ sókè sí i lóròòru. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́, ọmọ mi: rọra bi ọkọ rẹ, nígbà tí ẹ bá wà ní ẹ̀yin méjì péré, bóyá ohun kan wà nínú oògùn náà tí ó ń dà á láàmú. Bí ó bá jẹ́ ìtọ̀, bí ó bá jẹ́ ikọ́, bí ó bá jẹ́ pé agbára ọkùnrin rẹ̀ dín kù, kí ó sọ fún dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n lè pa á dà, wọ́n sì lè pa àkókò tí ó ń lò ó dà.

ORÓGBÓ

Orógbó ní iyì nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ní. Àkójọ èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní kolaviron. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ àwọn májèlé kan. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn tí orúnkún ń ro, wọ́n ní orógbó dín ìrora wọn kù. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ojú ní Èkó tẹ tiwọn jáde, pé omi orógbó tí wọ́n pò ní ìwọ̀n ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín agbára omi inú ojú kù lára àwọn tí ó ní àrùn ojú tí a ń pè ní glaucoma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kán omi orógbó tí ẹ rẹ nílé sójú ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe tiwọn, wọ́n sì sè é mọ́ lọ́wọ́ kòkòrò. Omi inú ike tiwa lè fọ́ni lójú.

Ẹ kíyèsí i pé ẹ̀dọ̀ eku, orúnkún àti ojú ni mo kà. Orógbó kò sí nínú ìlànà tí dókítà fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹyọ kan láràárọ̀ nítorí pé kíkorò rẹ̀ dùn mọ́ ọn, kí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fi rọ́pò oògùn rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

A ti kọ́ irú ọgbọ́n yìí lẹ́ẹ̀kan rí ní Èkó. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ ìlú wa láti Làìbéríà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, orógbó ti wọ́n lọ́jà, nítorí wọ́n ní òun ni oògùn rẹ̀. Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ní ọdún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa igi àti ewé ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà pé èròjà orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú yàrá ìwádìí. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n inú àwo ìwádìí ni, kì í ṣe inú ara ènìyàn, àwọn èèyàn sì gbé ọ̀rọ̀ náà sáré kọjá ibi tí ó dúró sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn mìíràn ń wẹ omi iyọ̀, wọ́n sì ń mu ún. Àwọn kan ti ibẹ̀ kú. Ohun tí ó ṣẹ́gun àrùn náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

ATARE

Mọ̀lẹ́bí atalẹ̀ ni atare. Èròjà tí ń ta ẹnu nínú àwọn méjèèjì jọra. Òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà àtijọ́ tí wọ́n fi sọ etíkun Làìbéríà ní Etíkun Hóró nítorí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa kì í fi ọwọ́ bù ú. Wọn a kà á, méje fún obìnrin, mẹ́sàn-án fún ọkùnrin. Ọgbọ́n ńlá ni mo rí nínú kíkà yẹn: àwọn àgbà mọ̀ pé ohun tí ó lágbára ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n lónìí, mo ń rí àwọn tí ń rún odindi atare sínú ọtí, wọ́n ní ó ń fún ọkùnrin lágbára. Ọgbẹ́ inú ni yóò fi dá wọn lọ́lá. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó bí oògùn. Ìkókó ọjọ́ kẹjọ kò nílò rẹ̀ lẹ́nu rárá. Ìyá rẹ̀ ni kí ó tọ́ ọ wò lórúkọ rẹ̀.

ÈSO KAN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÉ ẸNU

Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ọmọ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Èso kékeré kan wà tí ó pupa tí orí rẹ̀ dúdú, tí à ń pè ní ojú ológbò. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìwéréǹjèjé. Àwọn lekúlejá ń tà á, wọ́n sì ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará Íńdíà mọ̀ ọ́n dáadáa. Gunja ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti fi wọn góòlù láti ìgbà láéláé, nítorí pé hóró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ayurveda kà á mọ́ májèlé, àwọn oníṣègùn rẹ̀ kì í sì í lò ó àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é fún wákàtí púpọ̀, nínú wàrà màlúù lọ́pọ̀ ìgbà.

Májèlé inú rẹ̀ ń jẹ́ abrin. Hóró kan ṣoṣo tí a rún lẹ́nu dáadáa lè pa ènìyàn. Bí ọmọ bá gbé e mì láìrún un, èèpo rẹ̀ tí ó le lè gbà á là, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi èyí ta tẹ́tẹ́. Àmì rẹ̀ kì í tètè yọ. Ó lè tó wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kò sí oògùn tí ń pa májèlé náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lẹ́nu ọmọ, ẹ gbé ọmọ àti hóró náà lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró de èébì, ẹ má sì fún un ní epo mu.

ÌLÀNÀ FÚN ILÉ

Èkíní: bí ó bá jẹ́ ti àdúrà, ẹ ṣe àdúrà yín. Awẹ́ kékeré tí a pín níbi ìsọmọlórúkọ kì í pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le.

Èkejì: ẹ fi omi tó mọ́ fọ obì dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ obì, ara obì ló wà, àwọn ọlọ́jà mìíràn sì ń fi oògùn apakòkòrò lé e. Bí obì bá ń rùn bí oògùn, ẹ dà á nù.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe fún ọmọdé ní odindi obì tàbí orógbó. Ó lè há a lọ́fun.

Ẹ̀kẹrin: aláboyún tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ obì mọ́ ọn. Ohun tí ó ń mú ẹnu súnkì nínú obì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú oògùn náà.

Ìkarùn-ún: ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, tàbí tí kò rí oorun sùn, kí ó fi obì sílẹ̀. Bí ó bá ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kí ó dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí orí má baà máa fọ́ ọ.

Ìkẹfà: awakọ̀ tí oorun bá ń kùn, kí ó wá ibi tí kò léwu, kí ó sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú oorun sàn ju obì mẹ́ta lọ.

Ìkeje: bí ẹnu bá yí, bí ọwọ́ kan bá kọ̀ tí kò gbéra, bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara, ilé ìwòsàn tààrà ni o. Ẹ má ṣe yà síbòmíràn bí a ti yà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN SÍ ẸNI TÍ Ó KỌ̀WÉ

Ọmọ mi, ní ti oyún rẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2016 pé kí aláboyún tí ń jẹ káfíìnì tí ó ju mílígíráàmù 300 lọ lóòjọ́ dín in kù, kí oyún má baà bàjẹ́, kí ọmọ má sì kéré jù nígbà tí a bá bí i. Káfíìnì ń pẹ́ lára aláboyún ju ara ẹlòmíràn lọ, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Bí ó bá lè ṣeé ṣe, fi obì sílẹ̀ títí o ó fi bímọ. Bí ó bá wù ọ́ gidigidi, má ṣe kọjá awẹ́ kékeré kan, má sì ṣe é lójoojúmọ́.

Ní ti ọkọ rẹ, má bá a jà. Má ṣe bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí. Sọ fún un pé Màmá Nọ́ọ̀sì kò ní kí ó kó orógbó dànù. Sọ fún un pé mo ní kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àwo fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ń bọ̀ ní oṣù mẹ́rin sí i, kí òun fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé e sókè nígbà tí a bá ń súre fún ọmọ yín.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ tọ́jú ara yín. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, n ó dáhùn ìbéèrè bàbá kan tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ó dìgbà náà o.